Lẹ́tà sí Àlàbá ní Bahia, Brazil: Ọkọ̀ Tó Yíjú Padà sí Àwọn Ọ̀gá Rẹ̀

Èkó,
Àárọ̀ Sátidé.

Àlàbá ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tó o ti sọ pé ìyá àgbà kan ń ki Ọ̀ṣun lédè wa, tí kò sì lè dáhùn nígbà tó o kí i pé "ẹ káàárọ̀, Mà", ibẹ̀ ló dá mi dúró. O ní báwo làwọn èèyàn wa ṣe dé ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún tí wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mi ò lè dáhùn ìyẹn tán. Jẹ́ kí n sọ ti ọkọ̀ kan ṣoṣo fún ọ, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ọjọ́ mẹ́ta.

Henriqueta lorúkọ rẹ̀ nígbà tó ń ná Èkó sí Bahia. Baltimore ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kàn án: ọkọ̀ olópòó méjì, ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìgbòkun rẹ̀ pọ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ kó fò. Nítorí eré ni wọ́n ṣe kàn án bẹ́ẹ̀. José de Cerqueira Lima ló ni ín, gbajúmọ̀ olówò ẹrú ní ìlú tó o wà yẹn. Láàárín ọdún mélòó kan, ọkọ̀ náà ti kó nǹkan bí 3,000 èèyàn lọ síbẹ̀. O mọ bí ilé ṣe rí nígbà yẹn: Òwu ti fọ́, Ọ̀yọ́ ń wó lọ, ogun ń kó ìlú, Èkó sì ni ẹnu ọ̀nà òkun. Àjàyí tó padà wá di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, Èkó náà ni wọ́n ti dì í sọ́kọ̀ ní 1822, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Myrmidon, tó gbà á sílẹ̀.

Òfin wà o. Potogí àti Brazil ti bá Gẹ̀ẹ́sì ṣàdéhùn pé àwọn ò ní kó ẹrú lápá òkè ìlà agbedeméjì ayé mọ́. Làwọn ọlọ́kọ̀ bá ń gba ìwé pé ìsàlẹ̀ ìlà làwọn ń lọ, wọ́n á sì yà sí Èkó. Ìwé ń sọ tiẹ̀, ọkọ̀ ń ṣe tiẹ̀.

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án 1827 lọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ ogun Sybille, tí Commodore Francis Collier ń darí, ló ká a mọ́ ojú òkun pẹ̀lú èèyàn 569 nínú. (Sybille alára, ọkọ̀ Faransé ni tẹ́lẹ̀, ojú ogun ni Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á ní 1794. Ọkọ̀ ò ní baba.) Wọ́n kó wọn lọ sí Freetown ní Sierra Leone, ilé ẹjọ́ gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀, wọ́n lù ú ní gbàǹjo. Níbi gbàǹjo yẹn, ẹni tó bá lówó ló ń rà, àwọn olówò ẹrú sì máa ń rán èèyàn wá ra ọkọ̀ wọn padà! Orí ló yọ ti èyí: àwọn ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló rà á ní £330, ní oṣù Kìíní 1828. Wọ́n sọ ọ́ ní Black Joke, orúkọ tí wọ́n yọ nínú orin ìsọkúsọ kan. Àgbá méjì péré ni wọ́n gbé sórí rẹ̀.

Àgbá méjì yẹn ló gbé lọ ko El Almirante, ọkọ̀ Spéìnì alágbá 14 tó kó èèyàn 466 jáde láti Èkó. Henry Downes ló ń darí Black Joke nígbà náà. Ó lé e fún wákàtí 31. Nígbà tó yá, afẹ́fẹ́ dá pátápátá, ìgbòkun rọ̀ jọwọlọ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ni wọ́n bá yọ àjẹ̀ gígùn-gígùn, wọ́n ń wa odindi ọkọ̀ ogun bí ìgbà tí èèyàn ń wa ọkọ̀ ẹja ní Mákòókó. Ọkọ̀ tí kò rí afẹ́fẹ́ ò lè yí ara rẹ̀ padà. Èyí tó ní àjẹ̀ ló ń yan ibi tó máa dúró sí. Ọjọ́ 1 oṣù Kejì 1829 ni El Almirante juwọ́ sílẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ròyìn ìjà yẹn títí. Èmi, àwọn 466 tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ ni mò ń rò. Ìbọn tó fẹ́ gbà wọ́n sílẹ̀, orí wọn náà ló ń dún lé. Àwọn kan nínú wọn kú sínú ìjà náà. Ìjọba sì ń san owó fáwọn atukọ̀ lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbà, nítorí náà orí èèyàn náà ni wọ́n ń kà, bí àwọn tó kó wọn ṣe kà á. Ilé kọ́ ni wọ́n sì dá wọn padà sí. Freetown ni. Akọ̀wé á jókòó, á kọ orúkọ, ọjọ́ orí, gíga, ilà àti àpá ara. Orúkọ Yorùbá pọ̀ nínú àwọn ìwé yẹn, bí etí òyìnbó ṣe gbọ́ ọ ni wọ́n kọ ọ́. Àfi kéèyàn pè é sókè lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, kó tó dún bí orúkọ ará ilé ẹni.

Black Joke tún mú àwọn mìíràn. Ní 1831, William Ramsay fi gba ọkọ̀ ẹrú Marinerito lápá Calabar. Ṣùgbọ́n igi rẹ̀ ti ń jẹrà. Oṣù Karùn-ún 1832, Admiral Warren pàṣẹ, wọ́n dáná sun ún ní Freetown.

Ohun tí ò jẹ́ kí n sùn rèé, Àlàbá. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan nínú àwọn 569 yẹn ṣì wà ní Freetown lọ́jọ́ náà, kó dúró létí omi, kó máa wo iná. Ṣé inú rẹ̀ á dùn ni, tàbí ó máa wò ó pé ọkọ̀ yẹn nìkan ló kù tó mọ ọ̀nà Èkó?

Àdúgbò Vitória níbẹ̀ ni ilé Cerqueira Lima wà nígbà ayé rẹ̀. Tó o bá gba ibẹ̀ kọjá, bá mi ya fọ́tò àdúgbò náà, kó o sì yà á kí òkun hàn lẹ́yìn rẹ̀.

Màmá ní kí n kí ẹ. Wọ́n ní ṣé o ń rí ẹ̀wà jẹ?

Èmi ni,
Múyìíwá