Ẹ Wá Jókòó Sáàárín Èrò: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tó Ń Lọ Àpérò Wẹ́ẹ̀bù

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń gbọ́ pé wọ́n ti ń pè yín síbi àpérò àwọn oníṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù àti dísáìnì, àwọn kan láti sọ̀rọ̀, àwọn mìíràn láti gbọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rin ìrìn àjò yìí, ohun kan ló sì ń ká mi lára tí mo fi jókòó kọ̀wé sí yín. Mo ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ iṣẹ́ dunjú: wọn á balẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọn á ti ara wọn mọ́ yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú sláìdì wọn, wọn á sọ̀rọ̀ tán, ó di pápákọ̀ òfúrufú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá jókòó sáàárín èrò.

Èmi náà ti ṣe é rí. Mo wà ní yàrá ẹ̀yìn, mò ń tún sláìdì tò, nígbà tí ẹni tó ṣíwájú mi ń fi han àwọn ènìyàn pé ọ̀nà tí mo fẹ́ kọ́ wọn ń dí àwọn tí ẹ̀rọ ń kàwé fún lọ́wọ́, nítorí pé ojú wọn kò ríran. Mi ò gbọ́. Mo bọ́ síwájú, mo sì kọ́ wọn ní ohun náà gan-an. Kò sẹ́ni tó bú mi. Obìnrin kan tí kò ríran wá bá mi lẹ́yìn náà, ó rọra béèrè bóyá mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ tó kàn án. Ìbéèrè yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ̀yin tí wọn kò gba àbá ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ sọ, ẹ má sọ̀rètí nù. Ní 1991, Tim Berners-Lee, ẹni tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀, àti Robert Cailliau tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kọ̀wé ránṣẹ́ sí àpérò Hypertext, ìyẹn àpérò lórí ìwé orí kọ̀ǹpútà tó ń so mọ́ra wọn, tó wáyé ní San Antonio, ní Texas, kí wọ́n lè ṣàlàyé wẹ́ẹ̀bù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde. Wọn kò gba ìwé náà. Àyè àfihàn nìkan ni wọ́n fún wọn, wọ́n sì lọ bẹ́ẹ̀. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀; ńṣe ni wọ́n bẹ hòtẹ́ẹ̀lì kí wọ́n bá wọn fa wáyà tẹlifóònù wọlé. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún 1994, CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní Geneva, gba àpérò àgbáyé àkọ́kọ́ lórí wẹ́ẹ̀bù lálejò, nǹkan bí 380 ènìyàn ló sì péjọ. Ká ní wọ́n bínú jókòó sílé ńkọ́?

Ti ìrìn àjò kò gùn. Kí ẹ tó gbà láti lọ, ẹ béèrè ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ àti ti ibùsùn, ẹ béèrè bóyá owó wà fún iṣẹ́ yín, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe àrífín. Bí ẹ bá nílò físà, ẹ tètè gba ìwé ìpè. Ẹ dé síbẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣáájú. Ẹ rí i pé sláìdì yín ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, torí Wi-Fi tí gbogbo gbọ̀ngàn jọ ń fà kì í ṣeé gbára lé.

Ní ti ọ̀rọ̀ sísọ, èrò kan ṣoṣo tó. Ní oṣù Kẹrin 2010, Ethan Marcotte, oníṣẹ́ dísáìnì wẹ́ẹ̀bù, sọ̀rọ̀ ní àpérò An Event Apart ní Seattle nípa ojú ìwé tó ń fẹ̀, tó sì ń súnkì, gẹ́gẹ́ bí ojú ẹ̀rọ bá ṣe tóbi tó. Oṣù tó tẹ̀lé e ló kọ ọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn orí wẹ́ẹ̀bù A List Apart, tó pè é ní responsive web design. Ohun mẹ́ta ló so pọ̀: ìlà tó pín ojú ìwé tó sì ń fẹ̀, àwòrán tó ń fẹ̀, àti àṣẹ CSS (èdè tí a fi ń ṣètò ìrísí ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù) tó ń wo bí ojú ẹ̀rọ ṣe gbòòrò tó. Àwọn ènìyàn ti mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀. Síso tó so wọ́n pọ̀ la ṣì ń jẹ àǹfààní rẹ̀ dòní. Nítorí náà, ẹ mú èrò kan, kí ẹ là á dé gbòǹgbò. Ẹ sọ ọ́ sókè nínú yàrá yín títí ẹ ó fi máa parí kí àkókò tó pé. Ìṣẹ́jú tí ẹ bá gbà kọjá, ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín ni. Ẹ sì máa fi ẹnu sọ ohun tó wà nínú àwòrán yín, torí obìnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ gbọ́, ẹ má ka ipò yín sí kékeré. Ẹ má sì fi dandan gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti bá àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ dòní pàdé. Eric Holscher, oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, ní òfin kan tó fi Pac-Man, eré kọ̀ǹpútà tí ohun roboto kan ti máa ń la ẹnu sílẹ̀, sọ lórúkọ: bí ẹ bá dúró yípo tí ẹ ń sọ̀rọ̀, ẹ fi àyè ẹnì kan sílẹ̀, kí ẹni tó ń dá dúró lè wọlé. Mo ti jẹ́ ẹni tó ń dá dúró yẹn, mo mọ bí àyè kékeré náà ṣe ń rí lójú ẹni.

Bí ẹ bá dé gbọ̀ngàn kan tí ẹ rí àgbàlagbà tó ń kọ nǹkan sínú ìwé ní ìlà kẹta, èmi lè jẹ́. Mo máa ń di àga kan mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ wá jókòó.