Lise Meitner Kì í Ṣe Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Otto Hahn

Sí Olóòtú,

Mo ka ìtàn ìgbésí ayé Lise Meitner tí ẹ gbé jáde, inú mi sì dùn pé ẹ fi odidi ojú ewé kan bu ọlá fún obìnrin onímọ̀ físíìsì náà. Àmọ́ àwọn àṣìṣe kan wà níbẹ̀ tí n kò lè gbójú fò, nítorí pé ẹ̀tọ́ tí wọ́n fi dù ú nígbà ayé rẹ̀ gan-an ni ìtàn yín tún fi dù ú.

Ẹ ní ọmọ Jámánì ni. Vienna, ní Ọ́stríà, ni wọ́n bí i sí ní 1878, ibẹ̀ náà ló sì ti gboyè ọ̀mọ̀wé ní 1906. Ìyẹn kéré. Èyí tó dùn mí ni pé ẹ pè é ní amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Otto Hahn, onímọ̀ kẹ́místírì ọmọ Jámánì. Òótọ́ ni pé nígbà tó dé Berlin ní 1907, yàrá ìsàlẹ̀ tí àwọn káfíńtà ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fún un, torí pé wọn kì í gba obìnrin láàyè lókè, ṣùgbọ́n inú yàrá kan náà ni Hahn ti ń bá a ṣiṣẹ́, tòun ti ìmọ̀ kẹ́místírì tirẹ̀. Meitner ló sì rọ Hahn ní 1934 pé kí àwọn jọ wádìí ohun tí nútírọ́ọ̀nù (èérún inú átọ́ọ̀mù tí kò ní iná) ń ṣe sí yùréníọ̀mù, irin wíwúwo kan.

Ẹ tún kọ ọ́ pé ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí Hahn tó ṣàwárí pé kóró átọ́ọ̀mù, ìyẹn àárín gbùngbùn rẹ̀, ń pín sí méjì. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ o. Ó sá kúrò ní Jámánì ní oṣù Keje 1938 nítorí pé ìdílé Júù ló ti wá, ó sì forí lé Swídìn. Ní oṣù Kejìlá, Hahn àti Fritz Strassmann (onímọ̀ kẹ́místírì bíi tirẹ̀, tí ẹ kò tilẹ̀ dárúkọ) rí báríọ̀mù, tó fúyẹ́ ju yùréníọ̀mù lọ dáadáa, níbi tí wọn kò retí rẹ̀, lára yùréníọ̀mù tí wọ́n ju nútírọ́ọ̀nù lù. Iṣẹ́ tiwọn nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ àlàyé rẹ̀ kò yé wọn, ni Hahn bá kọ lẹ́tà sí Meitner.

Lásìkò Kérésìmesì, Meitner àti Otto Frisch, ọmọ arábìnrin rẹ̀, jáde rìn nínú yìnyín ní Kungälv, ní Swídìn. Wọ́n jókòó sórí ìtì igi kan, wọ́n mú bébà jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Meitner rí i pé bí kóró yùréníọ̀mù bá pín, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo prótọ́ọ̀nù kan (ọ̀kan lára èérún inú kóró) ni yóò dín, tí ìlànà Einstein yóò sì sọ èyí tó dín náà di agbára tó tó mílíọ̀nù 200 electron volt (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára inú átọ́ọ̀mù), iye kan náà tí iná mànàmáná tó ń ti ìdá méjèèjì kúrò lọ́dọ̀ ara wọn yóò mú jáde. Ní oṣù Kejì 1939 ni àlàyé wọn jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature.

Ẹ̀bùn Nobel tí ẹ ní wọ́n jọ gbà ńkọ́? Hahn nìkan ni wọ́n fún ní ti kẹ́místírì ọdún 1944. Ó lé ní ìgbà 40 tí wọ́n fi orúkọ Meitner sílẹ̀, kò gbà á rí. Bóyá Ẹ̀bùn Enrico Fermi ti ìjọba Amẹ́ríkà ní 1966, tí òun, Hahn àti Strassmann jọ gbà, ló rú akọ̀wé yín lójú.

Mo bẹ̀ yín, ẹ tẹ àtúnṣe yìí sí ojú ewé tí ìtàn náà wà, kí ẹ sì dárúkọ Strassmann àti Frisch níbẹ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín