Ẹ má yọ orúkọ èèyàn yín kúrò nítorí báńkì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ bí báńkì ṣe ń kọ̀ láti ṣí àkáǹtì fún ilé-iṣẹ́ tí ará ilé ní ìpín nínú rẹ̀ ń jà rànyìn láàárín àwa oníṣòwò ọmọ Yorùbá ní London, mo sì fẹ́ kí àwọn ará ilé tí wọ́n ń bá wa da òwò pọ̀ gbọ́ sí i.

Fífi orúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ nílùú ọba kò le. Ọmọ orílẹ̀-èdè yòówù lè ní ìpín níbẹ̀, kódà kó má tíì fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Ọ̀dọ̀ báńkì ni wàhálà wà. Ẹnikẹ́ni tí ìpín rẹ̀ bá ti ju 25% lọ, wọ́n á fẹ́ mọ ọmọ ibo ni, ibi tó ń gbé, àti ibi tó ti rówó. Èmi àti àbúrò mi obìnrin tó wà n'Ìbàdàn la jọ ni ilé-iṣẹ́ tó ń kó èlùbọ́ àti gàrí wọlé. 60% jẹ́ tèmi, 40% jẹ́ tirẹ̀. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, a kó gbogbo ìwé kalẹ̀: pásípọ́ọ̀tù, ìwé iná ilé rẹ̀, àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde ní àkáǹtì rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni báńkì fi dá wa lóhùn pé àwọn ò lè ṣí àkáǹtì fún wa. Wọn ò sọ ìdí.

Ìmọ̀ràn tó tẹ̀ lé e ló bí mi nínú jù. Ẹni tó ń bá wa ṣètò ìwé ní ká yọ orúkọ àbúrò mi, ká fi ìpín rẹ̀ sórúkọ ọmọ ìlú ọba kan, bó bá yá ká gbà á padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má dán an wò. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Bí ìjà bá dé, tàbí tí onítọ̀hún bá kú, ta ni yóò jẹ́rìí pé ìpín ọ̀hún kì í ṣe tirẹ̀? Òfin ibẹ̀ sì ní ká kọ orúkọ ẹni tó ni ìpín gan-an sílẹ̀. Ẹni tó bá fi í pamọ́ lè ṣẹ̀wọ̀n.

Kí àwọn báńkì náà tún òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé kà. Òfin ọdún 2017 lórí owó èrú ní kí wọ́n yẹ ẹni tó ń gbé ní orílẹ̀-èdè tí ewu wà wò fínnífínní. Ó sì là á pé bíbí tí wọ́n bí èèyàn síbẹ̀ nìkan kò tó. Àyẹ̀wò lòfin wí, kò ní kí wọ́n lé wa. Àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti owó èrú, ìyẹn FATF, tó kọ orúkọ Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń ṣọ́ lóṣù Kejì ọdún 2023 ti yọ ọ́ kúrò lóṣù Kẹwàá ọdún 2025. Kí ló wá kù?

Ilé-iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní London ló yẹ kó bá wa bi àwọn báńkì. Bí wọ́n bá sì kọ ẹnì kan, kí wọ́n sọ ìdí fún un, kó lè mọ ìwé tó kù tó yẹ kó mú wá.

Oníṣòwò oúnjẹ ilẹ̀ wa,
Peckham, London