Ìwé Ẹ̀bẹ̀: Kí Sáìtì Kọ̀ọ̀kan Ní Olórí Kan Ṣoṣo

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa, àti Ọ̀gá Ọ́fíìsì Àbójútó Ilé Kíkọ́, Èkó.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, a kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwa bíríkìlà, kápẹ́ńtà, àwọn tó ń tẹ irin àti lébìrà àdúgbò yìí la kọ̀wé yìí sí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Lórí ọ̀pọ̀ sáìtì tí a ti ń ṣiṣẹ́, a kì í mọ ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Onílé á dé láàárọ̀, á ní ká sáré. Àbúrò rẹ̀ tó ń ra ọjà á dé lọ́sàn-án, á ní sìmẹ́ǹtì tó wà nílẹ̀ ti tó. Ẹnjiníà á pè lórí fóònù, á ní ká dúró de òun. Fọ́ọ̀mánù ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn pé rárá, torí ọwọ́ onílé ni owó ọ̀sẹ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré tí a ń dà sórí irin láti fi ṣe àjà ilé. Ọjọ́ 28 ni wọ́n máa ń kà fún kọnkéré kó tó ní agbára tí wọ́n ṣírò fún un, ó sì yẹ ká máa bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán. Síbẹ̀, a ti wà níbi tí wọ́n ti ní kí kápẹ́ńtà tú ọparun àti pákó tó gbé dẹ́kìn dúró kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, torí onílé fẹ́ kó wọn lọ sí sáìtì rẹ̀ kejì. Kápẹ́ńtà yẹn mọ̀ pé kò tíì tó. Ta ni ì bá gbè é lẹ́yìn?

Ẹ rántí ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Gerrard Road, Ìkòyí, tó wó lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 1, oṣù kọkànlá, ọdún 2021. Ó lé ní 40 èèyàn tó bá a lọ. Oníṣẹ́ bíi tiwa wà nínú wọn, tí wọ́n wá oúnjẹ òòjọ́ lọ.

A bẹ̀ yín, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lórí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí onílé kọ orúkọ ẹni kan sílẹ̀ tó kọ́ṣẹ́, tó níwèé ẹ̀rí, tí yóò jẹ́ olórí sáìtì. Kí orúkọ náà wà lára bọ́ọ̀dù lẹ́nu ọ̀nà. Kí ó láṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró, kí onílé má sì lè lé e torí ìyẹn láìkọ́kọ́ wá rojọ́ lọ́dọ̀ yín. Èyí ló jẹ wá lógún jù, torí orúkọ lásán ò lè dá onílé lẹ́kun.

Kí ìwé kan máa wà ní sáìtì tí wọ́n á máa kọ lójoojúmọ́: báàgì sìmẹ́ǹtì mélòó ni a lò, irin wo, ta ló ní ká da kọnkéré. Kí òṣìṣẹ́ yín sì wá wo irin kí a tó da dẹ́kìn. Tí a bá ti dà á, ojú ò rí irin mọ́.

Ẹ bá wa kọ́ àwọn fọ́ọ̀mánù pẹ̀lú. Wọ́n mọ búlọ́ọ̀kù tò dáadáa, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ni a ò kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka pílánù tàbí ṣètò iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kí ọjà má tán lójijì. Bí ẹ bá lè yọ̀ǹda kíláàsì nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba nírọ̀lẹ́, ẹgbẹ́ wa á dá owó olùkọ́.

Ọjọ́ tí ẹ bá dá fún wa la ó wá, kápẹ́ńtà tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn á sì bá wa wá.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.