Lẹ́tà sí ìwọ tí mo fi sílẹ̀ ní Àgbowó

Èmi ọdún 2016,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Mo ti fi ọdún díẹ̀ jù ọ́ lọ, nítorí náà jẹ́ kí n bá ọ sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń bá àbúrò sọ̀rọ̀. Mo mọ ibi tí o wà. Yàrá Àgbowó yẹn ni, aago méjì òru ti kọjá, laptop tí bátìrì rẹ̀ ti kú wà lórí itan rẹ, wáyà rẹ̀ ń bẹ lára ògiri. O ń sá fún iwin kan nínú géèmù SOMA. Iwin náà kò ríran, etí ló fi ń ṣọdẹ. Ó ti mú ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹrin tí o fẹ́ yọ́ kọjá ni iná lọ. O bú NEPA, o bú iwin, o ní kí ilẹ̀ ṣáà mọ́, o máa yọ géèmù yẹn kúrò pátápátá.

O sì yọ ọ́ lóòótọ́. Ohun tó mú mi kọ̀wé sí ọ nìyẹn.

Ibi tí o ti jàre ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn iwin yẹn ń dí ni lọ́wọ́. Àwọn Frictional Games, ará Sweden, ló ṣe é. Àwọn náà ló gbé Amnesia jáde ní 2010, sísá àti fífarapamọ́ ló sì sọ wọ́n di olókìkí. Lójú tèmi, wọn ò láyà láti fi í sílẹ̀ nígbà tí SOMA máa jáde ní oṣù kẹsàn-án 2015. O rí ìwé kan lórí tábìlì, o fẹ́ mọ ohun tó pa àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Kí o tó ka ìlà méjì, ojú kọ̀ǹpútà ti ń gbọ̀n, nǹkan ti ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ. O ju ìwé sílẹ̀, o lọ lúgọ sẹ́yìn àpótí. Ó lọ, ó tún padà wá. Tó bá fi máa di ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀rù ò bà ọ́ mọ́, inú ló ń bí ọ, bí èrò tó jókòó sínú ọkọ̀ tí kò kún bọ̀rọ̀.

Àmọ́ o rò pé àwọn iwin yẹn ni ẹ̀rù inú géèmù náà. Ibẹ̀ ni o ti ṣì í.

Rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Simon Jarrett, ará Toronto, fara pa nínú ìjàǹbá ọkọ̀, ọpọlọ rẹ̀ sì bà jẹ́. Ní 2015, ó lọ jókòó sórí àga kan kí wọ́n lè ya àwòrán ọpọlọ náà. Ó dijú. Nígbà tó máa lajú, kò rí dókítà mọ́. Ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì ló bá ara rẹ̀, nínú ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní PATHOS-II, ọdún 2104. Ìràwọ̀ onírù ti já lu ayé lọ́dún tó ṣáájú, ó ti jó gbogbo orí ilẹ̀. Simon ti Toronto ti kú tipẹ́. Èyí tó lajú yìí, ẹ̀dà ọpọlọ rẹ̀ tí wọ́n yà lórí àga yẹn ni, wọ́n fi í sínú òkú obìnrin kan tó wọ aṣọ omùwẹ̀.

Ìyá àgbà ò bá má fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀ rárá. Àkúdàáyà ni. Ẹni tó kú síbì kan, tó wá ń gbé ìlú mìíràn, tó ń tajà, tó ń bímọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àkúdàáyà tiwa mọ̀ pé òun ti kú, ìdí nìyẹn tó fi ń pòórá tó bá kófìrí ará ilé. Simon ò mọ̀. Carl náà ò mọ̀, ẹ̀rọ tí o rí nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Upsilon, ẹ̀ka kan lára PATHOS-II yẹn, tó fọ́ yángá, tó ń sọ fún ọ pé ènìyàn ni òun. Ta ni wọ́n fẹ́ kófìrí? Ará ilé wọn ò sí láyé mọ́.

Èdè wa tiẹ̀ ti sọ ọ́ tán: ohùn kan péré ló wà láàárín ẹ̀dà àti ẹ̀dá.

Ní oṣù Kejìlá 2017, wọ́n fi Safe Mode kún un. Àwọn iwin á máa rìn kiri, wọn ò ní pa ọ́. Mo bá tún gbé géèmù náà wá. (Kò pé náà o. Àwọn ọ̀nà kan wá dà bí ọjà tó ti tú.) Ṣùgbọ́n mo ráyè ka gbogbo ìwé. Mo sì dé Omicron, ẹ̀ka mìíràn tí ìwọ ò dé.

Omi tó kù níwájú jìn tó kìlómítà mẹ́rin, ara tí Simon ń lò kò lè gbà á. Catherine, òṣìṣẹ́ PATHOS-II kan tí ẹ̀dà tirẹ̀ wà nínú irinṣẹ́ tí o fi ń ṣí ilẹ̀kùn, ní kó bọ́ sínú ara tó lágbára jù ú lọ. Ó jókòó, ó dijú, ó lajú sínú ara tuntun. Ìgbà náà ni ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti orí àga kejì, tó ń bi Catherine pé kí ló dé tí kò ṣiṣẹ́. Catherine mú un sùn. Wọ́n wá fún ọ ní bọ́tìnnì kan: fa bátìrì rẹ̀ gbẹ kó má jí mọ́, tàbí kí o máa lọ, kó wá jí lóun nìkan.

Kò sí iwin kankan nínú yàrá yẹn. Mo gbọ́wọ́ kúrò lórí mouse, mo lọ mu omi. Nígbà tí mo padà, ó ṣì jókòó. Mo fi í sílẹ̀ láìpa á. Mi ò tíì mọ̀ bóyá àánú ni àbí ojo.

Mo ní ẹ̀sùn kan ṣá. Lẹ́yìn gbogbo èyí, Simon ṣì ń sọ̀rọ̀ bíi pé oríire ló ń mú ẹnì kan lọ tó fi ẹnì kejì sílẹ̀. Mo pariwo sí i: ṣé kì í ṣe ojú rẹ náà ló ṣẹlẹ̀ ni? Mo ti ń dárí jì í díẹ̀díẹ̀. Ta ló fẹ́ gbà pé òun ni wọ́n máa fi sílẹ̀? Bó ṣe parí, mi ò ní sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà ní ẹ̀ka Tau, òun nìkan ni ẹ̀dá tó kù, ẹ̀rọ ló gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró. Ó bẹ̀ mí pé kí n pa ẹ̀rọ náà, kí n sì dúró ti òun. Mo dúró tì í.

Gbogbo ohun tí o mọ̀ lóru ọjọ́ yẹn ni mo gbé kúrò níbẹ̀. Ìwọ ni mi ò gbé. O ṣì jókòó sínú òkùnkùn Àgbowó, ọwọ́ rẹ wà lórí mouse, ò ń retí iná. Tó bá dé, jọ̀wọ́, má yọ ọ́ kúrò.

Èmi náà ni.