Àga tí ọmọdé lè fi ìka kan gbé

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn mí tí mo fi ní kí n kọ̀wé, àwọn tó máa ń sọ pé àga àti tábìlì tí wọ́n ṣe ní Ítálì láàárín 1950 sí 1965 ò ju oge lásán lọ, pé àwọn olówó ló kàn ń fi ṣe fáàrí. Mi ò gbà rárá. Ẹ wo àga Superleggera tí Gio Ponti, ayàwòrán ilé ará Ítálì, ya, tí iléeṣẹ́ Cassina gbé jáde ní 1957, gbogbo ìwọ̀n ẹ̀ ò ju bíi kílò 1.7, ọmọdé lè fi ìka kan gbé e, síbẹ̀ àgbàlagbà tó sanra á jókòó lé e láìmikàn. Igi kan tí wọ́n ń pè ní ash ni wọ́n fi ṣe é, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò rí roboto, onígun mẹ́ta ni, kò nípọn ju mìlímítà 18 lọ, pankẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni wọ́n sì fi hun ìjókòó ẹ̀. Wọ́n ní wọ́n jù ú sílẹ̀ láti àjà kẹrin ilé kan láti fi dán an wò, ló bá ta sókè, kò fọ́! Ponti ò sì ṣàdédé rí i lójú àlá o, àga táwọn káfíńtà ìlú Chiavari ní Ítálì ti ń ṣe bọ̀ láti 1807 ló mú, ló ń fá a, ló ń dín in kù, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Marco Zanuso, ayàwòrán ilé ará Ítálì bíi ti Ponti, náà ńkọ́, tó fi fóòmù rọ́bà rọ́pò sípíríǹgì nínú àga Lady ní 1951.

Àmọ́ iná Arco ló wú mi lórí jù, èyí tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Castiglioni ṣe ní 1962. Wọ́n fẹ́ kí iná wà lókè tábìlì láì lu àjà ilé, ni wọ́n bá tẹ irin gígùn kọdọrọ, wọ́n wá fi mábù tó tó kílò 65 dì í mọ́lẹ̀. Ihò kan wà lára mábù yẹn, àwọn èèyàn rò pé ẹ̀ṣọ́ ni, rárá o, igi ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ kí èèyàn méjì lè jọ gbé e. Ẹni tó ro ti ẹni tó máa gbé ẹrù, ṣé oge nìyẹn ń ṣe?

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ gbé fọ́tò àwọn àga yìí jáde, ẹ jẹ́ ká rí abẹ́ wọn àti ibi tẹ́sẹ̀ ti wọnú ìjókòó, kó má jẹ́ iwájú nìkan.

Èmi ni òǹkàwé yín.