Má Jẹ́ Kí Wọ́n Pe Bàbá Ní Àpà

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo ka lẹ́tà tó o kọ nípa bí Bàbá ṣe ń ra aago lórí aago tán, mo sì tún un kà. Jọ̀wọ́, kọ́kọ́ bá mi sọ fún Kọ́lá kó yé pe Bàbá ní àpà, kódà lẹ́yìn wọn. Ta ni ò mọ̀ bí Bàbá ṣe ń ṣọ́ owó ná? Irú wọn kì í ṣàdédé di onínàákúnàá lọ́jọ́ ogbó. Aago tó o bá lábẹ́ ibùsùn, tí wọn ò tú ìdì wọn rárá, ló jẹ́ kí n fura.

Kì í ṣe aago ni wọ́n fẹ́, rírà ni. Àwọn tí ìṣòro àìlèdẹ́kun ọjà rírà yìí ń bá fínra máa ń sọ pé kí àwọn tó rajà, ara àwọn kì í balẹ̀. Àfi bí wọ́n bá sanwó tán ni ara á tó tù wọ́n. Kò ní pẹ́ tí ìtìjú á fi dé, ni wọ́n á bá fi ẹrù pamọ́. Ìtìjú ọ̀hún á tún kó ìbànújẹ́ bá wọn, wọ́n á tún wá nǹkan mìíràn rà. Epo ni Kọ́lá ń dà síná pẹ̀lú ariwo tó ń pa yẹn.

Emil Kraepelin, dókítà ọpọlọ ọmọ Jámánì, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Síbẹ̀ àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò. DSM-5, ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà to àwọn àìsàn ọpọlọ sí, tí wọ́n gbé jáde ní 2013, ka tẹ́tẹ́ mọ́ ọtí àti oògùn olóró, ó sọ ti ẹni tó ń jí ohun tí kò wúlò fún un, ṣùgbọ́n kò fún rírajà láyè tirẹ̀. Èmi ò rò pé ó yẹ kí ìyẹn dá ẹnikẹ́ni dúró láti wá ìrànlọ́wọ́.

Àmọ́ ìgbà ọ̀dọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lára àwọn èèyàn. Ti Bàbá ò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ kọ ọ́ pé ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n fi pramipexole kún oògùn tí wọ́n ń lò sí Parkinson, àrùn tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tó sì ń mú ìrìn nira, ni. Oògùn yẹn ń ṣiṣẹ́ bíi dopamine, èròjà inú ọpọlọ tó ń dín kù nínú àrùn náà. Dopamine ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ gbọ́ràn síni lẹ́nu, òun kan náà ló sì ń tini sídìí ohun tó bá dùn mọ́ni. Ìyẹn ni pé ó lè tún ìrìn Bàbá ṣe, kó sì máa tì wọ́n sídìí ọjà. Wọ́n gbé ìwádìí kan jáde ní 2010 lórí aláìsàn Parkinson tó lé ní 3,000 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Nínú àwọn tó ń lo irú oògùn yìí, nǹkan bí 17 nínú 100 ni apá wọn ò ká rírajà, tẹ́tẹ́, àjẹjù tàbí ìbálòpọ̀ mọ́. Nínú àwọn tí kò lò ó, bíi 7 ni.

Nítorí náà, rọra béèrè nípa tẹ́tẹ́ náà. (Mo mọ̀ pé o ò ní lè béèrè ti ìbálòpọ̀ yẹn, dókítà á bá ẹ béèrè.) Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba oògùn náà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá dá a dúró lójijì, ó lè kó ìnira ńlá bá wọn. Dókítà ló máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ tàbí kó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ìfẹ́ ọjà yẹn á sì sábà lọ sílẹ̀. Ní báyìí ná, bẹ Bàbá kí ẹ jọ yọ nọ́ńbà káàdì wọn kúrò lórí fóònù.

Kí ẹ tó lọ rí dókítà, kọ ìgbà tí oògùn bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, àti ìgbà tí ẹrù àkọ́kọ́ dé sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti wọlé, tó o sì ti fún dókítà níwèé náà, dá ọgbọ́n kan kó o fi jáde. Bàbá ò ní sọ ti owó níwájú rẹ.

Bá mi kí wọn. Mò ń retí èsì rẹ.

Èmi ni tìrẹ,
Múyìwá